Ẹ má ṣe gba ohun tí fóònù bá sọ gbọ́: àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi FastAPI kọ API

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ Python ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìkọ̀lé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. FastAPI, irinṣẹ́ Python tí a fi ń kọ API (ọ̀nà tí áàpù ń gbà bá sáfà sọ̀rọ̀), rọrùn láti bẹ̀rẹ̀: ìlà kóòdù mélòó kan, sáfà (ètò tó ń dá áàpù lóhùn) ti ń dáhùn ní port 8000. Ṣùgbọ́n kóòdù tó ń dáhùn kò tíì di kóòdù tó yẹ kí á fi owó ẹlòmíì sí lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ń kọ API fún màmá kan tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ. Oníbàárà á yan iye àpò lórí fóònù, fóònù á ṣírò owó, á sì fi ránṣẹ́. Àṣìṣe tó burú jù nìyí: kí sáfà gba owó tí fóònù kọ, kó sì tò ó sínú dátábéèsì bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe áàpù yín nìkan ló lè bá API yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní curl, irinṣẹ́ tó ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí sáfà láìlo áàpù, lórí kọ̀ǹpútà lè kọ náírà kan síbi tó yẹ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wà, sáfà á sì gbà. Màmá ni gbèsè yẹn máa já lé lórí. Irú ọjà àti iye àpò nìkan ni kí ẹ gbà. Kí sáfà fúnra rẹ̀ lọ wo iye owó nínú dátábéèsì.

Iye àpò náà ńkọ́? Ẹ má fi dict lásán gbà á. Bí -3 bá wọlé, dict ò ní bi í léèrè. Torí èyí ni Pydantic, irinṣẹ́ tí FastAPI fi ń yẹ ohun tó wọlé wò, ṣe wà níbẹ̀: ẹ kọ `iye: int = Field(gt=0)`, FastAPI á sì fi kóòdù àṣìṣe 422 dá ìbéèrè tí kò tọ́ padà kó tó dé inú fọ́ńṣọ̀n yín. Àwọn kan máa ń yọ àyẹ̀wò yìí kúrò nítorí pé 422 ń dà wọ́n láàmú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìdáhùn náà, ó máa ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan ti wọ́ gan-an.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí: ẹnìkan wọlé, ó wo /orders/41 tó jẹ́ ọjà tirẹ̀, ó yí i sí 42, ó sì rí àdírẹ́sì ẹlòmíì. Àlejò tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún kò ní ẹ̀tọ́ láti wọ yàrá onílé. Ẹ máa wò ó ní gbogbo ìgbà bóyá ẹni tó ń béèrè ló ni ohun tó ń béèrè.

Ẹ má gbé kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ yín (bí ọ̀rọ̀ aṣínà dátábéèsì) sórí GitHub, ibi tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù sí lórí ayélujára. Pípa á rẹ́ kò tó, nítorí pé Git, irinṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ àyípadà kóòdù, ń tọ́jú ìtàn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá. Ẹ má sì dá 200 (kóòdù “ó yege”) padà nígbà tí iṣẹ́ bá kùnà, fóònù á rò pé ó ti yege ni.

Èyí tí wọn kì í sábà kọ́ yín ni ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Bí ó bá ń já, oníbàárà á tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, POST (ìbéèrè tó ń fi ọjà ránṣẹ́) méjì á wọlé, màmá á di ẹrù méjì fún ẹnìkan. Kí fóònù ṣe nọ́ńbà àrà ọ̀tọ̀ kan fún ìbéèrè ọjà kọ̀ọ̀kan, kó máa fi nọ́ńbà kan náà ránṣẹ́ bó bá ń tún un gbìyànjú. Kí ẹ fi UNIQUE, òfin tí kì í jẹ́ kí nọ́ńbà kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, sórí rẹ̀ nínú dátábéèsì. Bí nọ́ńbà náà bá tún padà wá, ìdáhùn àkọ́kọ́ ni kí sáfà dá padà, láì kọ ọjà tuntun.