Bí Ẹ Ṣe Lè Gun Òkè San Cristóbal ní Santiago Láì Fi Owó Ṣòfò

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run. Àárín ìlú Santiago, olú-ìlú Chile, ni òkè San Cristóbal wà. Ó fi nǹkan bíi 300 mítà ga ju àdúgbò tó yí i ká lọ, ère Màríà Wúńdíá funfun gbòò ló sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Ère ò lọ ibì kankan, àmọ́ òkè Andes tó yẹ kí ẹ rí láti ibẹ̀ lè pòórá pátápátá. Àfonífojì tí òkè yí ká ni wọ́n tẹ Santiago dó sí. Nígbà òtútù, láti oṣù Karùn-ún sí ìkẹjọ, afẹ́fẹ́ tútù á jókòó sísàlẹ̀, èyí tó móoru á bò ó lórí bí ìdérí ìkòkò, èéfín mọ́tò àti ti igi tí wọ́n ń dáná yá á sì há sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gòkè nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, eérú ló máa rí. Ẹ dúró de òjò. Ọjọ́ kejì òjò ni ọjọ́ tó dára jù lọ láti lọ: afẹ́fẹ́ ti mọ́, yìnyín tuntun sì ti bo orí Andes.

Ọ̀sán ló dára ju àárọ̀ lọ. Ìlà-oòrùn ni Andes wà, nítorí náà oòrùn àárọ̀ á máa gún yín lójú bí ẹ bá kọjú sí i. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin ni ìmọ́lẹ̀ máa ń tàn sára òkè náà dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹfà, oòrùn ti máa ń wọ̀ kí aago mẹ́fà tó lù. Ní oṣù Kejìlá, ó máa ń sún mọ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn gun òkè sì lè ti ṣíwọ́ kó tó dìgbà náà. Níbi tí ẹ ti ń sanwó gan-an ni kí ẹ ti béèrè aago tí ọkọ̀ ìkẹyìn máa sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ yẹra fún ọjọ́ Ajé. Ọgbà ẹranko tó wà lára òkè kì í ṣí lọ́jọ́ náà, ọjọ́ náà ni wọ́n sì sábà máa ń tún ọkọ̀ ṣe.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà ni ti àdúgbò Bellavista. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdó métírò Baquedano, ẹ gba orí afárá odò Mapocho, kí ẹ wá tọ òpópónà Pío Nono títí dé ìparí rẹ̀. Ẹ fi fóònù sápò o, ọwọ́ àwọn jáwójáwó yá ládùúgbò yẹn. Ilé olókùúta tó dà bí ààfin àtijọ́ ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni funicular, ọkọ̀ tí wáyà ń fà lórí irin, ti ń gbéra láti ọdún 1925. Ọ̀nà rẹ̀ gùn tó 485 mítà. Ọkọ̀ méjì ni, wáyà ló so wọ́n pọ̀: bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, ìwúwo èyí tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ sì ń bá ẹ́ńjìnì fa èyí tó ń lọ sókè. Wọ́n á pàdé ní àárín ọ̀nà. Nítorí náà, bí èrò ṣe wù kó pọ̀ tó, wọn ò lè fi ọkọ̀ kẹta kún un. Ìdí tí ìlà ọjọ́ Ìsinmi fi máa ń gùn nìyẹn. Bí ẹ bá wọlé, ẹ̀yìn ọkọ̀, níhà ìsàlẹ̀, ni kí ẹ dúró sí. Ẹ ó máa wo ìlú bó ṣe ń tẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ọkọ̀ orí wáyà, teleférico, tó ń gbéra ní Oasis, níhà àdúgbò Pedro de Valdivia Norte. Ó ń dúró ní Tupahue kó tó dé òkè. Ọdún 1980 ni wọ́n ṣí i, ó dákẹ́ ní 2009, ó tún padà ṣiṣẹ́ ní 2016. Bí afẹ́fẹ́ bá le, wọ́n máa ń dá a dúró. Tèmi ni pé kí ẹ fi èyí gòkè, kí ẹ fi funicular sọ̀ kalẹ̀ sí Bellavista, níbi tí oúnjẹ wà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pé méjèèjì lẹ fẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn, kó fi wákàtí kan sí kan àtààbọ̀ sílẹ̀, kó gbé omi tó lítà kan ààbọ̀ dání, kó sì dé fìlà. Oòrùn ibẹ̀ máa ń jó awọ ara kódà nígbà tí atẹ́gùn bá tutù, ọ̀pọ̀ ò sì ní mọ̀ àfi lálẹ́. Ẹ má dáná, ẹ má sì mu sìgá: igbó ibẹ̀ gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná máa ń ràn níbẹ̀ kíá.

Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ lókè, àtẹ̀gùn ṣì kù. Irin ni ère náà, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti dà á, ọdún 1908 ni wọ́n sì ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ga ní mítà 14, ìpìlẹ̀ tó dúró lé ga ní 8.3. Ẹ má yàwòrán ní ẹsẹ̀ rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ni ẹ ó rí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ibi ìjókòó gbalasa tí wọ́n ti ń ṣe Máàsì, kí ẹ wá yà á láti ibẹ̀. Ilé àdúrà kékeré wà nínú ìpìlẹ̀ náà. Àwọn èèyàn ń gbàdúrà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ sọ ohùn yín kalẹ̀, ẹ ṣí fìlà. Póòpù John Paul Kejì súre fún ìlú náà láti orí òkè yìí ní oṣù Kẹrin ọdún 1987. Ní 8 oṣù Kejìlá, ọjọ́ àjọ̀dún Màríà, èrò máa ń pọ̀ gan-an: bí kì í bá ṣe ìsìn lẹ bá wá, ẹ mú ọjọ́ mìíràn.

Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ra mote con huesillo. Èso písì gbígbẹ tí wọ́n sè nínú omi ṣúgà ni, wọ́n á da àlìkámà bíbó sí i, tútù ni wọ́n ń mu ún. Ẹ fi ṣíbí jẹ àlìkámà rẹ̀, ẹ mu omi rẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ra fún kóró tó wà nínú písì. Ẹ mú péésò díẹ̀ dání, pàápàá owó kékeré.

Bí ọkọ̀ ìkẹyìn bá já yín sílẹ̀, ẹ má gba inú igbó. Ojú títì ni kí ẹ tọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn oníkẹ̀kẹ́. Eré ni wọ́n máa ń sá bọ̀ láti òkè, bíréèkì wọn kì í tètè mú.