Bẹ́ríǹ Ìjàpá bàbá mi: èyí tó ń mì kọ́ ló bàjẹ́

Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. À ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọ́n ní, "Kí ló dé tí ọkọ̀ bàbá rẹ ń kùn báyìí?" Mo ní ọ̀nà ni. Ọ̀nà yẹn ò kúkú dára, irọ́ mi rí ibi fara pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tá a dé ibi tí ọ̀dà ti dán, ariwo náà ò dákẹ́. Hùùù, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò. Bí mo bá sáré dé 60, á ròkè. Bí mo bá dẹ ẹsẹ̀, á wálẹ̀.

Ìjàpá ni ọkọ̀ náà, Volkswagen tí bàbá mi rà ní 1976, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní ọ̀nà Badagry l'Ékòó. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ó dúró sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ nínú ọgbà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọdún mẹ́jọ gbáko kí n tó ráyè tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọdún mẹ́jọ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù sí Ojúde Ọba, ìyá mi sì ti sọ fún gbogbo régbérégbé wọn pé ọkọ̀ ọkọ àwọn ni yóò gbé àwọn wá ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ẹni tó bá mọ obìnrin Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti parí.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi tún Corolla mi ṣe ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá. Ó gbọ́ ariwo náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, bẹ́ríǹ ni. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ tọ̀tún tòsì, kí ọkàn yín balẹ̀." Bẹ́ríǹ ni irin róbótó tó wà láàárín táyà, tó ń jẹ́ kó yí geere. Mi ò bá a jà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí òun ń tún ṣe, wọ́n ti dé bẹ́ríǹ pa látìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Kò ṣeé tú, kò ṣeé fún, bó bá ti ń kọrin, ẹ gbé e jù nù ni. Ìjàpá ò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ríǹ méjì ló wà nínú táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, ńlá nínú, kékeré níta, nọ́ọ̀tì kan ló sì di méjèèjì mú. Ó ṣeé tú, ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé fi gíríìsì sí, ó ṣeé dá padà. Nítorí náà, kí n tó náwó, ó yẹ kí n mọ ohun tó ń ṣe é.

Mo gbé táyà iwájú lọ sẹ́yìn, mo gbé tẹ̀yìn wá síwájú. Ariwo náà ò kúrò níwájú. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, ẹ̀yìn ló wà, gíábọ́ọ̀sì náà bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo yọ ọwọ́ lọ́rọ̀ àwọn ìyẹn. Mo wá fi jáàkì gbé iwájú, mo ti kùkùté igi sábẹ́ rẹ̀ (mi ò gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan láé), mo di táyà ọ̀tún mú lókè àti nísàlẹ̀, mo mì ín. Ó ń mì kọ́-kọ́-kọ́. Mo ní kí ọmọ mi tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, mo tún mì ín. Kò mì mọ́. Ìyẹn ni pé inú bẹ́ríǹ ni mímì náà wà, kì í ṣe àwọn oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Mo lọ sí òsì. Kò mira rárá, ó dúró bí ẹni tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì lẹ̀.

Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti mú olè. Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì lápá Òkè-Àje, tó mọ bàbá mi dáadáa, bẹ́ríǹ ọ̀tún nìkan ni ǹ bá rà.

Mo ṣàlàyé fún bàbá yìí, wọ́n ń mu gàrí, wọn ò tiẹ̀ wo ojú mi. Wọ́n ní, "Èyí tó ń mì, ó tú ni. Títú kì í ṣe àìsàn. Èwo ló ń kùn?" Mi ò lè dáhùn. Wọ́n ní kí n lọ wa ọkọ̀ náà níbi tí kò sí èrò, kí n máa yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí n sì fetí sílẹ̀. Bí mo bá yà sí ọ̀tún, ariwo náà á le. Bí mo bá yà sí òsì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ọkọ̀ tó bá yà sí ọ̀tún, ẹrù rẹ̀ máa ń rọ́ lé ẹsẹ̀ òsì. Òsì, èyí tí kò mira, ló ń sunkún.

Nígbà tí mo dé, wọ́n gbé ọwọ́ mi lé irin tó wà lẹ́yìn táyà òsì, wọ́n sì fi ọwọ́ keji yí táyà náà. Nǹkan kan ń rìn wìnnì-wìnnì bọ̀ wá bá ìka mi, bí ìgbà tí èèyàn bá já òkúta nínú gàrí. Lápá ọ̀tún, kò sí nǹkan kan tó jọ bẹ́ẹ̀.

A wá tú u. Nọ́ọ̀tì òsì Ìjàpá, òdì ló ń yí: ibi tí gbogbo nọ́ọ̀tì ayé ti ń le ni òun ti ń tú. Ọmọ iṣẹ́ kan tó wá ràn wá lọ́wọ́ ò mọ̀, ó fún un títí táyà ò fi lè yí mọ́, ó sì ń làágùn, bàbá sì jẹ́ kó làágùn díẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún un. Ohun kejì tó yàtọ̀ lápá òsì ni pé ibẹ̀ ni wáyà aago tó ń ka eré ọkọ̀ ti ń jáde, ó gba àárín irin wá síta, pínnì kékeré kan ló sì dè é mọ́ ìdérí tó bo àárín táyà.

A fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀, a jẹ́ kó gbẹ. Lára kọ́ọ̀pù bẹ́ríǹ òsì, ìyẹn òrùka irin tí àwọn ọmọ bẹ́ríǹ ń yí nínú rẹ̀, mo rí àwọn àpá dúdú tí wọ́n tò tẹ̀ léra, àlàfo àárín wọn dọ́gba bí ilà ojú. Ibi tí ọmọ bẹ́ríǹ kọ̀ọ̀kan jókòó sí fún ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Gíríìsì ti gbẹ, omi wọlé, ìpẹtà jẹ ibi tí irin fara kan irin, nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, ojú irin ń ṣí pẹ́pẹ́. Mo fi èékánná fà á lórí rẹ̀, èékánná mi kọ́. Bàbá ní ibi tí èékánná bá ti kọ́, kò sí àdúrà mọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Lójú tèmi, ihò tí wáyà yẹn gbà jáde nínú ìdérí ni omi gbà wọlé, torí apá ọ̀tún, tí ìdérí rẹ̀ ò níhò, mọ́ lálá. Kọ́ọ̀pù ti ọ̀tún ti pọ́n eérú bíi ṣíbí àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, kò sí àpá, kò sì sí àwọ̀ aró tó máa ń hàn lára irin tí iná ti mú. A fi gíríìsì tuntun sí i, a pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí gíríìsì jáde, a dá a padà.

Ríra tuntun gbà mí lọ́jọ́ méjì. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára bẹ́ríǹ fúnra rẹ̀; òun ni mo kọ sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, páálí náà ń dán, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara irin ń parẹ́ lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Mo dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, ni mo ti rí ojúlówó, owó rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Kọ́ọ̀pù àti ọmọ rẹ̀ ni mo jọ rà. Ẹni tó bá fi ọmọ tuntun sínú kọ́ọ̀pù tó ti jẹ, owó ló dà sómi.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, mo wé kọ́ọ̀pù náà sínú ọ̀rá, mo tì í sínú fíríìsà láàárín ẹja títù. Ìyàwó mi rí i, ó ní òun ò bi mí. Òtútù máa ń sún irin kì. Mo sá dírọ́ọ̀mù, irin ńlá tí kọ́ọ̀pù ń jókòó sínú rẹ̀, sóòrùn kí tòun lè fẹ̀ díẹ̀. Ní ọ̀sán, ó wọlé pẹ̀lú hámà wẹ́wẹ́, mo ń kàn án yíká títí ìró rẹ̀ fi yí padà láti pọ́ sí kíń. Ìró yẹn ni ẹ ó fi mọ̀ pé ó ti dé ìsàlẹ̀.

Fífún nọ́ọ̀tì ló gba sùúrù jù. A ń yí táyà bí a ṣe ń fún un, títí ó fi wúwo díẹ̀, a wá tú u padà títí sukurudíráfà fi lè sún wáṣà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìfi agbára tì í. Ìwọ̀n àyè tó yẹ kó kù jẹ́ 0.03 sí 0.12 mílímítà, èyí tí ojú ò lè rí. Bó bá le jù, bẹ́ríǹ tuntun á jóná kí oṣù tó parí.

Mo wà á dé Odògbólú, mo jẹ́ kó rọra dúró láìtẹ bíréèkì púpọ̀ kí ooru bíréèkì má baà tàn mí jẹ, mo sì fọwọ́ kan àárín táyà méjèèjì. Lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni, bákan náà. Kò sí hùùù.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, a rìn jẹ́ẹ́, ìyá mi wọ aṣọ ẹgbẹ́, gèlè wọn kan òrùlé. Ìgbà tá a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ni mo rí i pé aago eré ò kúrò lórí òdo látìgbà tá a ti jáde nílé. Pínnì kékeré yẹn! Ó ṣì wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Mo sọ fún ìyá mi, mo ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ náà kì í wò ó."