Bí a ṣe ń tọ́ ọmọ ẹja òòrẹ̀ nínú táńkì ilé

Ẹnu ni ẹja òòrẹ̀ fi ń ṣe ohun gbogbo. Ẹnu ló fi ń fọ́ ìkarahun, ẹnu ló fi ń fa omi mu tí yóò fi wú bíi bọ́ọ̀lù, ẹnu náà ló fi ń bẹ̀bẹ̀ oúnjẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí tèmi wọlé, mo tẹ orí ba sójú omi láti wo bó ṣe ń mí, àfi ṣàà! Ó ti tu omi iyọ̀ sí awò ojú mi. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú òun náà.

Diodon holocanthus lorúkọ tí àwọn onímọ̀ sọ ọ́. Eléyín méjì ni Diodon túmọ̀ sí lédè Gíríìkì, torí pé eyín rẹ̀ ti so pọ̀ di ẹyọ kan lókè, ẹyọ kan nísàlẹ̀, bí àgógó odídẹrẹ́. Ẹ̀gún ara rẹ̀ máa ń sùn lé e lára pẹ́lẹ́. Ìgbà tó bá wú ni wọ́n ń dìde bíi ti òòrẹ̀ inú igbó. Ó wà nínú òkun ilẹ̀ olóoru káàkiri ayé. Òru ló ń ṣọdẹ, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi tóbi rọ̀bọ̀tọ̀. Ojú yẹn ló ń tan èèyàn rà á. Òun ló tan èmi náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó lè mú yín yí ọkàn padà. Ọmọ ẹja tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 lọ, àmọ́ yóò tó nǹkan bíi 30 nínú táńkì, ó sì lè lo ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ yín. Táńkì lítà 250 yóò gbà á fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà, lítà 600 ó kéré tán ni yóò nílò. Lítà omi kan, kílò kan ni. Lítà 600 pẹ̀lú gíláàsì, iyanrìn àti òkúta yóò lé dáadáa ní kílò 600, ẹ sì rántí pé pákó ni ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé òkè ní London níbí. Ẹni tí kò bá ní àyè bẹ́ẹ̀, kó wo ẹbí rẹ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Canthigaster valentini, tí kì í ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ. Ìtọ́jú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra.

Omi lẹ ó kọ́kọ́ tọ́

Ẹja òòrẹ̀ tí mo kọ́kọ́ ní, ọjọ́ kan náà ni mo ra òun àti táńkì rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní kò séwu, pé kí n ṣáà da iyọ̀ sómi. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú. Àìsàn kọ́ ló pa á, ìgbẹ́ ara rẹ̀ ni.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù máa ń di ammonia, májèlé ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń jẹ ammonia tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di nitrite, májèlé nìyẹn náà. Àwọn mìíràn tún ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà bí kò bá pọ̀ jù. Táńkì tuntun kò ní kòkòrò wọ̀nyí. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó.

Torí náà, ẹ to iyanrìn àti òkúta òkun sínú táńkì, kí ihò tí ẹja lè sá sí wà láàárín òkúta. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ lásán, torí kilorín wà nínú rẹ̀. Èmi ń fi RO, ìyẹn ẹ̀rọ asẹ́mi, sẹ́ tèmi. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún táńkì òkun lẹ ó rà. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní kálísíọ́ọ̀mù àti àwọn èròjà yòókù tí omi òkun ní. Gíráàmù 35 sí lítà kan ni, tó fi jẹ́ pé lítà 400 yóò jẹ nǹkan bíi kílò 14. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù máa yí i po di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fi refractometer, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń mọ bí iyọ̀ omi ṣe pọ̀ tó, wọ̀n ọ́: 1.023 sí 1.025 la fẹ́. Kí hítà mú omi dúró sí 24 sí 26 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, wà láàárín 8.1 sí 8.4.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ju edé tútù kan sínú omi kó jẹrà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò rùn díẹ̀. Ẹ máa dán omi wò lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ammonia yóò gòkè, yóò wálẹ̀. Nitrite yóò gòkè lẹ́yìn rẹ̀, yóò wálẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá di òdo, tí nitrate sì ti fara hàn, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi, táńkì ti ṣe tán.

Nípa fílítà, ẹ má wo lítà tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹja yìí ń jẹun bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti orí pápá, bó sì ṣe ń jẹ ló ń ṣu. Èyí tí wọ́n ṣe fún táńkì tó tó ìlọ́po méjì ti yín ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì fi skimmer kún un, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń hó omi títí ìfófòó yóò fi gbé ìdọ̀tí gòkè bọ́ sínú ife rẹ̀. Ẹ fi ike oníhò bo hítà, kí ẹ sì gbé wáyà gba ibi tí ẹnu rẹ̀ kò ní dé, torí ó lè gé e jẹ. Ẹ ra ìdérí pẹ̀lú.

Yíyan ẹja àti gbígbé e wálé

Ẹ wo ojú méjèèjì, kó mọ́, kó má ṣe bàìbàì. Ẹ wò ó láti òkè: bí ikùn rẹ̀ bá fà wọlé, tí orí sì tóbi ju ara lọ, ebi tàbí aràn ń bá a jà. Kó má ní ẹ̀kùsà funfun bí hóró iyọ̀ lára, kó má máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ lójú yín. Ẹja òòrẹ̀ tí kò bá jẹun níwájú yín, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Bí òǹtajà bá sì ń tẹ̀ ẹ́ kó lè wú fún yín rí, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà fún wọn ni pé kí wọ́n fi àwọ̀n gbé e jáde nínú omi. Ẹ̀gún rẹ̀ á há sínú àwọ̀n, ẹ̀rù á bà á, afẹ́fẹ́ ni yóò sì fà mu dípò omi. Omi tó bá fà mu, yóò tu ú. Afẹ́fẹ́ máa ń há sí i nínú. Abọ́ ni kí wọ́n tẹ̀ bọ inú omi, kí wọ́n darí ẹja wọ inú rẹ̀, kí omi àti ẹja jọ jáde.

Tí ẹ bá délé, ẹ pa iná táńkì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá ẹja léfòó lórí omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí ooru wọn lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ máa kán omi táńkì yín sí omi ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, kí ẹ wá fi abọ́ gbé ẹja sínú táńkì. Omi ṣọ́ọ̀bù kò gbọ́dọ̀ wọlé. Tí agbára yín bá ká a, ẹ kọ́kọ́ fi sínú táńkì kékeré lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, kí ẹ fi páìpù rọ́bà ṣe ihò fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú òkun ni wọ́n ti kó wọn, aràn kì í sì í wọ́n nínú wọn.

Ó lè má jẹun lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ fi sílẹ̀.

Oúnjẹ

Eyín ẹja yìí kì í dáwọ́ dúró láti máa hù, bíi ti eku. Nínú òkun, ìkarahun, akàn àti àwọn ohun líle mìíràn ló fi ń lọ̀ ọ́. Nínú táńkì, ẹ̀yin ni òkun rẹ̀. Bí ẹran rírọ̀ nìkan lẹ bá ń fún un, eyín yóò gùn títí kò fi ní lè ya ẹnu jẹun mọ́, á sì kú sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, torí náà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní nǹkan líle.

Èmi, ọjà Rye Lane ní Peckham ni mo ti ń ra tèmi, lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja tí a ti ń ra ẹja ọbẹ̀. Mo máa ń ra edé tútù pẹ̀lú èèpo àti orí rẹ̀, ẹsẹ̀ akàn, mussel, ìyẹn oníkarahun dúdú elépo méjì yẹn, clam tó jẹ́ elépo méjì bíi rẹ̀, àti squid díẹ̀, ìyẹn ẹran òkun rírọ̀ kan. Kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi iyọ̀ tàbí ata sí. Mo máa ń gé wọn wẹ́wẹ́, mo ń kó wọn sí fíríjì oníyìnyín nínú ọ̀rá kéékèèké, mo sì ń yọ ọ̀rá kan lálẹ́ kan. Kí gígé kọ̀ọ̀kan má tóbi ju ẹyinjú ẹja náà lọ.

Ní alẹ́ tó kọ́kọ́ jẹ mussel pẹ̀lú karawun rẹ̀, mo ti fọ́ ẹ̀gbẹ́ kan fún un kó lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi ojú kan wò ó, ó yí padà, ó fi ojú kejì wò ó. Ó wá já a jẹ lójijì, mo sì gbọ́ ọ láti orí àga, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, bí ẹni ń fọ́ èkùrọ́ nínú yàrá kejì. Èérún karawun ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ bí eruku. Ìró yẹn ni mo ń tẹ́tí sí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ó kéré tán.

Ọmọ tó kéré, ẹ fún un ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ títí ikùn yóò fi yọ díẹ̀, kì í ṣe títí yóò fi le gbandi. Tó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó. Tó bá dàgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Yóò máa bẹ̀bẹ̀ ṣá. Yóò máa jó níwájú gíláàsì, yóò máa wò yín bí ẹni tí kò tíì jẹun láti àná. Irọ́ ni.

Ohun méjì kan tún wà. Èkíní, èròjà kan wà nínú mussel, clam àti irú àwọn edé kan tí ń ba fítámì B1 jẹ́, ẹja tó bá sì ń jẹ ẹyọ oúnjẹ kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́ lè dẹni tí ẹnu rẹ̀ le, tí kò ṣeé yà. Ẹ máa pààrọ̀ oúnjẹ, kí ẹ sì máa rẹ ẹ́ sínú fítámì ẹja lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èkejì, ẹ̀mú gígùn ni kí ẹ fi máa fún un lóúnjẹ. Ẹnu tó fọ́ karawun kò ní bi ìka yín léèrè. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀

Ẹ máa dán omi wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ammonia àti nitrite gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, kí nitrate má kọjá mílígíráàmù 20 nínú lítà kan. Ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú ìdá márùn-ún omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú omi iyọ̀ tí ẹ ti pò láti àná. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni èyí: omi máa ń gbẹ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi tí kò níyọ̀ lẹ ó fi dí èyí tó gbẹ. Mo fi bírò fa ìlà sára gíláàsì tèmi, mo sì ń bù ú dé ibẹ̀ láràárọ̀.

Ẹgbẹ́ ńkọ́? Edé, akàn àti ìgbín òkun, oúnjẹ ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Ẹja kékeré tó bá sùn lóru lè má jí. Èmi á ní kí ẹ fi òun nìkan sílẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́.

Tí nǹkan bá dé

Bó bá wú fúnra rẹ̀, ẹ kúrò níwájú táńkì, yóò rọ̀ padà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé máa fi igi tọ́ ọ kó lè wú. Bó bá ti fa afẹ́fẹ́ mu, tó wá ń léfòó lójú omi, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ rọra mú un sábẹ́ omi, ẹnu sókè, ìrù sísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa yọ jáde.

Bí hóró funfun bá fara hàn lára rẹ̀, tó ń fara nu òkúta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Cryptocaryon irritans, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí kan tí ń jẹ ara ẹja òkun. Oògùn kọ́pà tí wọ́n ń tà fún un kì í sábà bá irú ẹja yìí lára mu. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni kí a gbé e lọ sí táńkì kékeré, kí a dín iyọ̀ omi kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi dé 1.009 géérégé lórí refractometer, kó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán. Ẹ má ṣe é nínú táńkì ńlá, torí ohun abẹ̀mí tó wà lára òkúta yóò kú tán.

Bí eyín bá ti gùn kọjá bó ṣe yẹ, dókítà ẹran tó mọ ẹja ni kó gé e. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi òróró kànáfùrù kun ẹja lóorun nílé kí wọ́n tó fi abẹ gé eyín rẹ̀. Òróró yẹn tó bá fi díẹ̀ lé, ẹja kò ní jí.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ o, bó ti wù kó sanra tó. Májèlé wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹyin ọ̀pọ̀ nínú ẹbí ẹja tí ń wú, sísè kì í sì í pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, iná mànàmáná ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Bí pọ́ǹpù bá dúró fún wákàtí mélòó kan, atẹ́gùn inú omi á dín kù, àwọn kòkòrò inú fílítà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ so fílítà mọ́ invẹ́tà, kí ẹ sì ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, ẹ má fún un lóúnjẹ títí iná yóò fi dé, kódà bó bá ń jó níwájú gíláàsì.