Kí ẹ tó ra damper: sítíárìn tó ń gbọ̀n lára jíìpù tí wọ́n gbé ga

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé jíìpù yín ga, tí sítíárìn bá ń gbọ̀n, ẹ má tíì ra steering damper tuntun (ọ̀pá bíi ṣọ́ọ̀kì tó ń dín gbígbọ̀n sítíárìn kù). Á kàn bo àrùn náà mọ́lẹ̀ ni.

Tó bá jẹ́ orí eré kan pàtó ló ti ń gbọ̀n wúyẹ́wúyẹ́, tó sì ń lọ tẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀, ẹ lọ bálánsì táyà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bọ́ sí kòtò, tí iwájú ọkọ̀ wá ń jó bí ẹni tí òrìṣà gùn, tí kò dáwọ́ dúró àfi tẹ́ ẹ bá dẹ eré, nǹkan ti tú lábẹ́ nìyẹn.

Track bar, ìyẹn ọ̀pá tó so áàsù iwájú mọ́ férémù kó má bàa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí táyà wà nílẹ̀, kí ẹnì kan máa yí sítíárìn díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kẹ́ ẹ máa wo bóòtù tó dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tó bá mì pẹ́nrẹ́n, búṣì (rọ́bà ojú ìdè rẹ̀) ti jẹ tàbí ihò bóòtù ti fẹ̀. (Dídè é le nìkan kò wo ihò tó ti fẹ̀ o.) Ó ku kẹ́ ẹ wo tie rod (ọ̀pá tí sítíárìn fi ń yí táyà) àti ball joint (oríkèé tí ẹsẹ̀ táyà fi ń yí).

Tí gbogbo rẹ̀ bá le dáadáa, ẹ ní kí wọ́n wo caster, ìyẹn bí ibi tí táyà iwájú ti ń yí ṣe fì sẹ́yìn tó. Gbígbé ọkọ̀ ga máa ń dín in kù.