Ọdún ti parẹ́ lára òǹtẹ̀? Ẹ wo orúkọ ìlú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó sítáǹpù Brazil àtijọ́ jọ, tí ọdún ara òǹtẹ̀ (àmì tílé ìfìwéránṣẹ́ ń lù sórí sítáǹpù) bá ti parẹ́, ẹ má wulẹ̀ da ojú yín láàmú, orúkọ ìlú ni kẹ́ ẹ kà torí wọ́n ti pààrọ̀ púpọ̀ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí "Corte", Rio de Janeiro nìyẹn, kí wọ́n tó lé ọba kúrò ní 1889; "Desterro" ló di Florianópolis ní 1894, "Parahyba" (ìlú o, kì í ṣe ìpínlẹ̀) ló di João Pessoa ní 1930. "Bahia", níbi táwọn àgùdà wa ti wá, Salvador ló sábà máa ń jẹ́, àmọ́ ìyẹn ò lè sọ ọdún fún yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n ṣì lè máa fi òǹtẹ̀ àtijọ́ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tórúkọ ti yí, torí náà ẹ wo ọdún tí sítáǹpù fúnra ẹ̀ jáde mọ́ ọn.