Ẹ Má Tíì Pe Ìpàdé

Aránṣọ ni mí nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Gọ́tà àdúgbò wa dí fún ọdún 3, gbogbo òjò ló ń kó omi wọlé bá wa. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ rìn láti ojúlé dé ojúlé, lálẹ́, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti tọjà dé. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí ló ń dùn yín jù?" Èmi rò pé gọ́tà ni. Àwọn ìyá tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní iná títì ni, torí òkùnkùn ń ba àwọn ọmọbìnrin wọn lẹ́rù. Ká ní mi ò béèrè ni, ta ni ì bá bá mi jáde? A kọ méjèèjì sínú lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ àdúgbò bá ti wà, ẹ má dá òmíràn sílẹ̀ o. Ẹ bá wọn kọ̀wé, ẹ bá wọn ya fọ́tò, kí ẹ sì rí i pé àwọn ayálégbé pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀dà lẹ́tà 2 ni kí ẹ mú lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tẹ́ ẹ máa mú padà. Òfin Nàìjíríà kan ti ọdún 2011, tí wọ́n ń pè ní Freedom of Information Act, fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, títí kan ti owó iṣẹ́. Ẹ ò ní láti sọ ìdí. Láàárín ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bó bá kọjá, ẹ padà lọ, kí ẹ tó èèyàn márùn-ún.