Wáàtì ni mo kọ́kọ́ kà: bí mo ṣe ṣa ẹ̀yà kọ̀ǹpútà géèmù jọ ní Èkó

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi dá àjọ kí ₦650,000 tó pé sí mi lọ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kó àjọ náà, àbúrò mi ọkùnrin ti kọ ohun tó fẹ́ sórí ìwé: processor tó ń ronú fún kọ̀ǹpútà rèé, graphics card tó ń ya àwòrán géèmù rèé, casing (àpótí rẹ̀) tó ń tan iná aláràbarà rèé. Ó ti wo fídíò títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Mo gba ìwé náà, mo kà á tán, mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Wáàtì mélòó ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ?" Kò mọ̀. Èmi náà ò tíì mọ̀. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣómólú là ń gbé. Òpópónà wa ò sí lára àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán ogún wákàtí iná lóòjọ́ fún ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Bí iná bá lọ, inverter 1kVA kan la gbójú lé, bátìrì kan ṣoṣo ló sì ń gbé e, 12V, 200Ah. Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò. Méjìlá lọ́nà igba, wáàtì-wákàtí 2,400 nìyẹn. Bátìrì olómi ni, bí mo bá sì fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò gbọdọ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ó ku 1,200. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 400 wáàtì á gbé e mì láàárín wákàtí mẹ́ta, kí n tó ka fáànù àti gílóòbù mọ́ ọn. Èyí tó ń jẹ 250 á sún mọ́ wákàtí márùn-ún. Mo mú báírò, mo kọ 250 gàdàgbà sókè ìwé àbúrò mi. Ohunkóhun tó bá ti máa mú wa kọjá iye yẹn, bó ti wù kó rẹwà tó, a ò ní rà á.

Iye yẹn ló yan graphics card fún wa. RX 580 ló wà nínú ìwé àbúrò mi, mo sì mọ ìdí: ó rọjú lọ́jà, ó ní 8GB ìrántí, ó ṣì ń gbé ọ̀pọ̀ géèmù. Ṣùgbọ́n káàdì ọdún 2017 ni, òun nìkan sì ń jẹ 185 wáàtì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ pé wọ́n ti fi wa Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tọ̀sántòru, kí iṣẹ́ yẹn tó dópin ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 tí àwọn oníṣẹ́ náà sì dà wọ́n sọ́jà káàkiri ayé. GTX 1660 Super ń jẹ 125 wáàtì, àmọ́ 6GB ló ní, àwọn géèmù tuntun sì ti ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. RX 6600 tó jáde ní 2021 ní 8GB, 132 wáàtì ló ń jẹ, ó sì yára ju àwọn méjèèjì lọ. Owó rẹ̀ ga. Ibẹ̀ ni mo ti bá àbúrò mi jà díẹ̀, nítorí kí RX 6600 tó lè wọlé, casing aláràbarà gbọ́dọ̀ jáde, àti àtẹ bọ́tìnnì (keyboard) olówó ńlá pẹ̀lú. Ó dákẹ́ títí, ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yọ ọ́." Mo mọ̀ pé ó dùn ún.

Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí fún ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀ ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, bí OptiPlex tàbí EliteDesk, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ sáà ra graphics card kẹ́ ẹ kì í bọ̀ ọ́. Kì í ṣe irọ́, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n ṣí i lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Power pack (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún ẹ̀yà kọ̀ǹpútà) inú ọ̀pọ̀ wọn ò ju 200 sí 300 wáàtì lọ, kò ní wáyà tó ń gbé iná lọ bá káàdì, ẹnu wáyà tó wọ motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń wọ̀) sì yàtọ̀ sí ti gbogbo ọjà, ẹ ò wá ní lè kàn ra òmíràn fi pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn pẹlẹbẹ inú wọn tún burú jù, káàdì tó ga bó ṣe yẹ ò lè wọlé rárá. Bí owó yín ò bá tó ìdajì tèmi, ẹ mú èyí tó dúró gíga, kẹ́ ẹ wá GTX 1650 tí kò ní ihò wáyà lára, 75 wáàtì tó ń fà láti ara motherboard á tó o. Èmi ò gba ọ̀nà yẹn nítorí mo fẹ́ ohun tí mo lè máa tún ṣe díẹ̀díẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, kí oòrùn tó mú, kí èrò tó kún. Àwọn ọmọ tó ń fa ènìyàn lọ́wọ́ ti wà lójú títì: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá? Laptop? Fóònù?" Mo kí wọn, mo ń lọ. Ẹni tó bá mọ ohun tó wá rà kì í tẹ̀ lé ẹni tí ò ní ìsọ̀.

Power pack la kọ́kọ́ rà, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ síbí. Níbi tá a kọ́kọ́ yà sí, wọ́n gbé ọ̀kan kalẹ̀ fún wa tí wọ́n kọ 600W sí lára gàdàgbà, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Mo gbé e sókè: ó fúyẹ́ bíi páálí tí kò ní nǹkan nínú. Mo yí i padà, mo ka àtẹ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ +12V, 18A ló wà níbẹ̀. Ẹ fi 12 sọ 18 di púpọ̀, 216 ló máa fún yín. Orí ìlà 12V yẹn sì ni graphics card àti processor ti ń jẹun. Èyí tí wọ́n kọ 600 sí lára, 216 ló lè gbé fún ohun tó ṣe kókó. Mo fi han àbúrò mi, òun fúnra rẹ̀ ló dá a padà sórí àtẹ. Èyí tá a padà rà jẹ́ 550 wáàtì, 80 Plus Bronze (àmì pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀), 45A ló wà lábẹ́ +12V, ìyẹn 540 wáàtì, ó sì wúwo lọ́wọ́. Tí a ò bá ní lò ju 250 lọ, kí ni 550 wà fún? Káàdì máa ń ta gìrì fún ìgbà tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, kó fa ju iye rẹ̀ lọ, power pack tó bá sì ń ṣiṣẹ́ ní ìdajì agbára rẹ̀ kì í gbóná. Kì í jẹ 550. Ohun tá a bá bèèrè ló ń gbé.

Ní ti káàdì, mo ti búra pé mi ò ní sanwó kí n tó rí i kó ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ra GTX 1050 Ti ní ìsọ̀ kan lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tó gbé e délé tó fi GPU-Z, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú káàdì, yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba lójú rẹ̀: FAKE. Káàdì àtijọ́ ni wọ́n ti yí orúkọ inú rẹ̀ padà. Kò rí owó rẹ̀ gbà. Ọ̀fẹ́ ni GPU-Z, mo sì ti gbé e sínú flash kí n tó kúrò nílé, òun àti FurMark tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò.

Ìsọ̀ méjì ní òpópónà Òtìgbà nínú ọjà náà sọ pé àwọn kì í dán nǹkan wò kí oníbàárà tó sanwó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jáde. Ní ìsọ̀ kẹta la ti bá Alhaji kan, àgbàlagbà tó ní motherboard kan lórí tábìlì láìsí casing, tó fi ń yẹ ọjà wò. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo kí wọn, mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wò ó." Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ìwọ mọ ohun tó ò ń ṣe. Jókòó."

Kí wọ́n tó tàn án, mo gbé e súnmọ́ ojú, mo wo orí àwọn skúrù ẹ̀yìn rẹ̀. Skúrù tí wọ́n bá ti tú máa ń ha lórí. Ọ̀kan ṣoṣo ló ha, Alhaji sì sọ fúnra wọn pé àwọn ló pààrọ̀ ọ̀dà tó ń gbé ìgbóná kúrò (thermal paste) nínú rẹ̀. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀: kò rùn bí ohun tó jóná. Mo fi ìka yí fáànù méjèèjì, wọ́n ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó tàn, GPU-Z ṣí: RX 6600, 8192MB (ìyẹn 8GB), Shaders (àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ya àwòrán) 1792. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Iye Shaders yìí ṣe pàtàkì o, torí àwọn RX 580 kan wà tí 2048 wà nínú wọn dípò 2304, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń fi tà á. Lẹ́yìn náà la tan FurMark. Ìgbóná gòkè dé 60°C, ó dé 68, ó wá dúró sí 72, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Mò ń wo ojú mọ́nítọ̀ bóyá mo máa rí àmì tótòtó tàbí ìlà tó ń já, kò sí. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ìyókù yá. Processor Ryzen 5 5600 la mú, core (ọpọlọ) mẹ́fà, 65 wáàtì, èyí tó wà nínú páálí rẹ̀ torí pé fáànù rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń tà láìsí páálí, ẹ̀yin lẹ máa wá fáànù ra. Kò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀ bí processor 5600G ṣe lè ṣe, nítorí náà ara graphics card ni kẹ́ ẹ ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ̀, kì í ṣe ara motherboard. Motherboard B450 la rà, àmọ́ èyí tí BIOS rẹ̀ (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) bá ti pẹ́ kì í dá àwọn Ryzen 5000 bíi tiwa mọ̀. Mo ní kí wọ́n fi processor wa sí i, kí wọ́n tàn án lójú mi níbẹ̀. RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) 8GB méjì, dípò 16GB kan ṣoṣo, nítorí pé méjì ń bá processor sọ̀rọ̀ lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. SSD 500GB tí a ó máa kó géèmù sí. Casing tí ojú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n, kì í ṣe díńgí, kí atẹ́gùn lè wọlé nínú ooru Èkó yìí.

Ilé la ti tò ó jọ, lórí tábìlì oúnjẹ. Àbúrò mi ló ki RAM bọ ihò kejì àti ìkẹrin, bí mo ṣe ní kó kà á láti ẹ̀gbẹ́ processor. Ó tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n RAM tá a rà, tó yẹ kó máa sáré ní 3200, ń sáré ní 2400. A wọ BIOS, a tan XMP, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré bó ṣe yẹ, ó bọ́ sípò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo ọdún méjì láìmọ̀ pé wọn ò tíì tan èyí, ó sì máa ń dùn mí.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ojú iná kó tó gba wáyà kọ̀ǹpútà, tó ń ka wáàtì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú mọ́nítọ̀, ó ń kà 255, 260. Márùn-ún sí mẹ́wàá ló fi kọjá òdiwọ̀n wa. Mo wọ ibi ètò káàdì náà, mo ní kó má ya ju àwòrán 60 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, níwọ̀n ìgbà tí mọ́nítọ̀ wa ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ó já wá sí 205.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, a wà láàárín eré bọ́ọ̀lù, gólì kan sí kan, nígbà tí NEPA mú iná. Gbogbo àdúgbò pariwo. Inverter gbà á láìjẹ́ kí ojú mọ́nítọ̀ ṣẹ́. Àbúrò mi ò gbójú kúrò lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, mélòó ló ń kà?" Mo tẹ̀ síwájú nínú òkùnkùn, mo wò ó: 203.